Nítorí Ohun Tí Mo Sọ Nílé Oúnjẹ Ẹ̀gbẹ́dá

Ọmọ́níyì ọmọ mi,

Báwo ni gbogbo yín ṣe wà ní Ìdímù? Ìyàwó wa Olútóyìn ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tíṣà ò rẹ̀ ẹ́ jù? Olúdayọ̀ ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ tó ń mì ti yọ? Ọlọ́run tó gbé mi délé láìfarapa lójú ọ̀nà yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín, iná mànàmáná ò ní jó ilé yín, ẹ ò sì ní fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ bá àgbákò. Ṣeunfúnmi ni mo kí kẹ́yìn, kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí dá lé, ojú sì ń tì mí láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ilé wà bó ṣe wà. Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ká páànù ilé ìdáná, káfíńtà sì ti ní òun ń bọ̀, o ṣáà mọ bó ṣe máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Kòkó tí mo sá ò tíì gbẹ. Ewúrẹ́ mi ti bímọ, méjì ló bí. Fóònù tó o fún mi ṣì dára, ṣùgbọ́n obìnrin tó wà nínú rẹ̀ ò jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti tẹ nọ́ńbà rẹ lòun á kọ́kọ́ gbé e, á sì máa sọ òyìnbó. Mo máa ń kí i dáadáa, mo máa ń bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, màá wá ní kó bá mi pè ọ́, kò sì gbà. Mo wá rò ó pé bóyá ìwọ lo sọ fún un pé o ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi, nítorí bí mo ṣe fi ilé rẹ sílẹ̀ láìdágbére. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì fi rán awakọ̀ sí ọ.

Má bínú, Ọmọ́níyì. Mo mọ̀ pé o jí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, o ò sì bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. O ò mọ ohun tó lé mi lọ torí o ò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, inú ilé oúnjẹ yẹn ló ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tó o ní ká lọ jẹun ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí Olútóyìn ní òun á dúró sílé, inú mi dùn, torí mo rántí ìgbà tó o kọ́kọ́ gbé wa lọ sírú ibẹ̀. Ṣeunfúnmi ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà. Orí itan mi ló jókòó sí. Òun ló ń ki ọ̀dùnkún díndín bọ̀ mí lẹ́nu, tó ń fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ nu irùngbọ̀n mi, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé bàbá àgbà òun rèé. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe rí. Mo ti gbàgbé pé àwọn ọmọ kì í dúró de èèyàn kí wọ́n tó dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti dà báyìí, ó ga jù mí lọ, bá a sì ṣe wọlé, àga tó jìnnà sí mi jù lọ ló yàn, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú.

Mo mọ̀ pé èmi náà ò ṣe dáadáa tó. Ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn fún wa, mo rò pé òun ló nilé, ni mo bá ṣí fìlà fún un, mo dúpẹ́ pé ó gbà wá lálejò, mo sì bi í pé ìyàwó rẹ̀ ńkọ́. Bébà tí wọ́n fún ọ, tó ní nọ́ńbà lára, tí obìnrin kan sì ń pe nọ́ńbà àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú tèmi, bíi ti ọsibítù ìjọba ni. Nígbà tí wọ́n pe tiwa, èmi ni mo dìde. Obìnrin náà bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo ní orúnkún òsì ni, pé ó máa ń ro mí tí ilẹ̀ bá ti tutù, pàápàá tí mo bá ti oko dé. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí tí mo fi parí, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ìwọ rẹ́rìn-ín, o gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí Ṣeunfúnmi tó fọwọ́ bojú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Olúdayọ̀ ní òun fẹ́ tọ̀, tó o mú un lọ sẹ́yìn. Mo wo adìyẹ tí wọ́n gbé síwájú mi, ó kéré, àánú yín ṣe mí pé irú ẹran tí ẹ ń jẹ l'Ékòó nìyẹn. Òkété gbígbẹ tí mo gbé bọ̀ láti ilé sì wà nínú àpò agbádá mi, mo wé e sínú ọ̀rá. Mo yọ ọ́, mo ya itan fún Ṣeunfúnmi, mo gbé e lé ìrẹsì rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Mo wá wò ó pé kò dáa kéèyàn máa jẹun lójú àwọn tí kò pè. Ni mo bá gbé ìyókù dání, mo ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, mo ní kí wọ́n wá bá wa jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ kan bíi mélòó kan wà ní ọ̀ọ́kán, ọmọ ilé ìwé Ṣeunfúnmi ni wọ́n, mi ò mọ̀ nígbà náà. Wọ́n gbé fóònù sókè sí mi, iná kékeré kan ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń tan iná fún mi kí n lè ríran ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì na òkété náà sókè kí àwọn náà lè rí i dáadáa.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ilé oúnjẹ náà jáde, obìnrin kan tó wọ kóòtù. Kò pariwo lé mi lórí. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í gbé oúnjẹ ìta wọ ibí, àwọn oníbàárà ń ráhùn. Ó wá bi mí pé ta ni mo bá wá.

Mo wo Ṣeunfúnmi. Ó ti tẹrí ba débi pé irun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìrẹsì. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àwọn ọmọ yẹn, ó wá yé mi pé ọmọ iléèwé rẹ̀ ni wọ́n. Àwọn náà ń wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ni mí. Mo rí i pé tí mo bá lè nàka sí i báyìí, kò ní lè fojú kan iléèwé mọ́. Ni mo bá sọ fún obìnrin náà pé mi ò bá ẹnikẹ́ni wá, èmi nìkan ni mo wá.

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bọ́ síta. Mo gba ẹ̀yìn àga Ṣeunfúnmi kọjá, agbádá mi kàn án léjìká, kò yíjú padà. Nígbà tó o wá bá mi lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ wọn níta, tí mo ní òtútù tó ń jáde lára ògiri ló lé mi síta, irọ́ ni mo pa fún ọ.

Mo di ẹrù mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rò pé kò sẹ́ni tó tíì jí. Ṣeunfúnmi wà ní pálọ̀, ó ti wọ aṣọ iléèwé. Kò bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e títí dé ibi tí mo ti máa wọ mọ́tò Ìyànà Ìpájà. Ìgbà tí mo ti jókòó sínú mọ́tò ló tó tẹ̀ sójú fèrèsé, tó bi mí pé kí ló dé tí mo fi sọ pé mi ò bá ẹnikẹ́ni wá. Mo ní nítorí tirẹ̀ ni, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun ti ń ti àga sẹ́yìn láti dìde, pé nígbà tóun gbọ́ ohun tí mo sọ lòun padà jókòó. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé mo kọ òun. Ó ń sunkún. Mọ́tò sì gbéra.

Mo ti ń rò ó látìgbà tí mo ti délé. Nígbà mìíràn, mo máa ń sọ fún ara mi pé kò dìde rárá, pé ọmọdé lè sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òótọ́, èmi ni mi ò dúró láti wò ó. Èmi ni mo yára. Ohun tó ń tì mí lójú nìyẹn, kì í ṣe òkété. Àwọn èèyàn níbí ń bi mí bí Èkó ṣe rí, mo ń sọ fún wọn pé oúnjẹ pọ̀, mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Jọ̀ọ́, má bá a wí, má sì gba fóònù rẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún, kó o sì fi owó ọkọ̀ kún un, torí mo fẹ́ padà wá kí taámù wọn tó parí. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ni kó o fi rán, má jẹ́ kó gba bánkì. Ẹ̀rọ wọn tó wà ní Arámọkọ béèrè nọ́ńbà àṣírí mi, mi ò sì lè sọ àṣírí mi fún ohun tí mi ò mọ ìdílé rẹ̀.

Tó o bá ti kà á tán, gbé lẹ́tà náà fún Ṣeunfúnmi, kó kà á fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí n ti sọ kí mọ́tò tó gbéra. Ọlọ́run á jẹ́ kó dàgbà láàárín àwọn tí yóò máa yangàn pé àwọn mọ̀ ọ́n. Yóò kàwé, ìwé á yé e, yóò ṣe rere, ojú ò ní tì í nítorí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní kọ̀ ọ́. Àmín.

Èmi ni,
Ọládòṣù, bàbá rẹ,
bàbá àgbà Ṣeunfúnmi.