Ọ̀gànwó Tí Màámi Yàn

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Adékúnjọ,
                                        Sùúrùlérè, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Àǹtí mi àtàtà, Àǹtí Fúnmiláyọ̀,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú òjò Àkúrẹ́ tí ẹ máa ń ráhùn sí. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ẹ bá mi fa Ayọ̀kànmí létí, ẹ ní mo gbọ́ pé ó ti ga jù yín lọ, kó má tìtorí ìyẹn sọ pé òun ò ní dọ̀bálẹ̀ o. Ní tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Rilwan wà, Àmínát wà, èmi náà sì wà bí mo ṣe máa ń wà: lánàá ni mo tún jẹ́ kí ìrẹsì jóná níbi tí mo ti ń wo ògiri.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ ní ayé fóònù yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí mo bá pè yín, mi ò ní sọ̀rọ̀ dé ìdajì kí ẹ tó máa gbà mí nímọ̀ràn. Rilwan ń bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ nítorí iṣẹ́, mo ní kó bá mi mú un dání. Ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí ẹ kà á tán kí ẹ tó pè mí.

Ọ̀rọ̀ Màámi ni. Ẹ rántí ohun tí a jọ sọ nígbà tí wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga ní Iléṣà, pé wọn ò gbọdọ̀ dá gbé inú ilé ńlá yẹn mọ́. Ẹ sì rántí èsì wọn ní gbogbo ìgbà tí a bá ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wa: ibi tí ọlọ àwọn bá wà, ibẹ̀ nilé àwọn. Bí wọ́n bá wá kí wa, wọn á gbé iṣu, wọn á gbé epo, ṣùgbọ́n ọlọ ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ọgbọ́n tí ẹ kọ́ mi ni mo lò. Mo ní a fẹ́ tún ilé ìdáná wa ṣe, pé àwọn kábínẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti jẹrà, kí wọ́n jọ̀ọ́ wá bá mi yan pákó. Mi ò tiẹ̀ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ gbígbé rárá, wọ́n sì wá. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ pé torí wọn ni mo ṣe dáwọ́ lé e. Mo fẹ́ kó dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi ní fẹ́ padà lọ mọ́.

Àǹtí mi, ẹ ò mọ bí mo ṣe lá àlá ilé ìdáná yìí tó. Mo lè kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ báyìí, ojú mi á ti máa rí i: pákó pupa tó ń dán, oòrùn àárọ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé tó ń rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọbẹ̀ tó ń hó, Màámi tó ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọrin ìjọ. Nínú àlá yẹn, Àmínát ọmọ mi á ti dàgbà, àmọ́ Màámi ò ní dàgbà sí i. Ibẹ̀ ni ìrẹsì ti máa ń jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Solomon ni káfíńtà wa, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà. Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló ń fi Dubai júwe. Fóònù rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé síwájú wa, ó ń fi àwòrán kábínẹ́ẹ̀tì funfun hàn wá, irú èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi rọ́bà tó ń dán bò lójú. Ojú mi wọ̀ ọ́ díẹ̀, mi ò ní purọ́. Màámi na ìka kan sí i, wọ́n ní, "Èyí mà mọ́ o. Ṣé wọ́n máa ń dáná níbẹ̀ ṣá?" Solomon rẹ́rìn-ín títí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe gba ọjà pákó lọ ní Múṣin nìyẹn. Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ìyẹ̀fun igi bo ilẹ̀ bí gààrí, ẹ̀rọ ń ké, Màámi ń rìn láàárín pákó jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fọwọ́ kan tibí, wọ́n ń gbọ́ òórùn tọ̀hún. Solomon ní ká mú afàrá torí pé ó fúyẹ́. Màámi ní kó lọ fìyẹn ṣe àjà. Ọkùnrin tó ń ta pákó ní ká mú ìrókò, kòkòrò ò ní fẹnu kàn án láéláé. Màámi ní ìrókò kì í ṣe igi tí èèyàn ń bú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ò sì lè máa se ọbẹ̀ kí àwọn tún máa ṣọ́ ẹnu. Ìgbà tí a dé ìdí ọ̀gànwó ni wọ́n dúró. Wọ́n gbé imú sún mọ́ ọn, wọ́n di ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ọ̀gànwó ni Bàámi fi kan bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń gbé yàrá kan ní Múṣin níbẹ̀, àti pé bí òjò bá ti dá, bí òórùn yàrá àwọn ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ nìyí. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn rí? Èmi ò gbọ́ ọ rí. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí, Màámi ò tún lọ ibì kankan mọ́.

Solomon ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà sì dára. Ó kan àwọn kan mọ́ ògiri lókè, ó to àwọn tó kù yí ìsàlẹ̀ ká, wọ́n ga dé ìbàdí, ó gbé síńkì àti sítóòfù gáàsì lé wọn. Màámi fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ṣàdúrà fún Solomon pé ọwọ́ rẹ̀ ò ní tàsé. Ó di ọjọ́ kejì, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ká ìró sínú báàgì. Wọ́n ní pákó tí mo ní kí àwọn wá yàn, àwọn ti yàn án, kí n mú àwọn lọ sí gáréèjì.

Mo béèrè bóyá mo ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n ní rárá. Bóyá Rilwan ni, wọ́n ní ọkọ rere ni. Bóyá pákó náà ò wù wọ́n mọ́, wọ́n ní ó wù wọ́n gan-an, kí Ọlọ́run jẹ́ kí n lò ó pẹ́. "Kí n lò ó," bí ẹ ṣe rí i yẹn, kì í ṣe kí a jọ lò ó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Mo wá wọ yàrá lọ, mo sunkún, inú sì tún bí mi sí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo fẹ́ lọ sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo sì rí Màámi níbẹ̀. Wọ́n dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà délẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta inú rẹ̀, wọ́n sì ń kọrin. Wọn ò tíì kọrin rí látìgbà tí wọ́n ti dé. Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti aṣọ tútù lọ́wọ́. Àǹtí mi, ní gbogbo ìgbà ọmọdé wa, ǹjẹ́ a rí Màámi kí wọ́n dáná lórí ìdúró rí? Àpótí ni ní Múṣin, àpótí ni ní Iléṣà. Látìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi, pálọ̀ ni wọ́n ti ń kí mi kú iṣẹ́ bí àlejò, torí pé orúnkún wọn ò lè gbé wọn dúró títí ọbẹ̀ á fi jinná. Mo kọ́ ilé ìdáná tó rẹwà fún ẹni tí kò níbi tó máa jókòó sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè fi ìdúró rí i. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn tipẹ́, àṣé ilé ìdáná mi ni wọ́n ń sọ!

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní Solomon ti gé pákó, ó sì ti kàn án, ẹnu wo ni àwọn á fi sọ ọ́?

Mo pe Solomon padà. Ó ní, "Àǹtí, wọn kì í ṣe é báyìí ní Dubai o." Mo ní Màámi ò gbé ní Dubai. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà yẹn wọlé, Màámi jókòó lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n na ọwọ́ sọ́tùn-ún, wọ́n na ọwọ́ sósì, wọ́n ṣe bí ẹni tó ń ro ọkà, Solomon sì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tí ọwọ́ wọn bá dé. Ó tú apá ọ̀dọ̀ fèrèsé palẹ̀, ó gé e wálẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, ó gbé gáàsì kékeré lé e. Ọ̀gànwó tó ṣẹ́ kù ló fi kan àpótí kan fún wọn. Màámi jókòó lé e, wọ́n sún un síwájú díẹ̀, wọ́n ní kí n gbé ìkòkò wá.

Láàárọ̀ òní, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé bí mo ṣe máa ń rí i nínú àlá mi. Kò tiẹ̀ dúró lórí pákó òkè tí mo tìtorí rẹ̀ lálàá, orí gèlè Màámi ló bà lé. Àmínát jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń já ẹ̀fọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Màámi ò gbójú sókè tí wọ́n fi ní, "Tọ́lání, kúrò lẹ́nu ọ̀nà, o ń dí mi lójú." Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń lé nínú ilé ara rẹ̀! Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ lọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo ọmọ. Rilwan ní kí n kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀. Màámi ń kí yín púpọ̀púpọ̀. Wọ́n ní nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ níparí ọdún, kí ẹ gba Iléṣà kọjá, kí ẹ wọ ilé ìdáná, kí ẹ bá àwọn gbé ọlọ bọ̀. Wọ́n ní kí ẹ má gbàgbé ọmọ ọlọ o.

Èmi ni àbúrò yín tí ń lálàá lójú ọ̀sán,
Motọ́lání