Awó Tí Mo Gbé Wọ Ìwó Láàyè

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ẹsẹ̀ lílà. Bàbá mi ńkọ́, ọdẹ tí ẹkùn ń yà lọ́nà fún? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ Ìwó níbí, eruku rẹ̀ á sì ti dé Ṣakí kí ìwé yìí tó dé. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Àjàní, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí ajá wa pàápàá. Kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí kà á sókè, kí gbogbo agboolé gbọ́.

Ara mi le. Ẹrù ni mò ń gbé nídìí rélùwéè. Àpò èkùrọ́ tí mò ń gbé, erin tó bá rí i á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá a fọwọ́ kún un. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ tó bá ìwé yìí wá tiyín ni. Ọyẹ́ ibí le débi pé tí mo bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ náà á dì bí epo, ó di ìgbà tí oòrùn bá yọ kó tó yọ́ sí etí àwọn ènìyàn. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kò rọrùn fún mi. Bí àwọn ìyá bá ń pe ọmọ wọn wọlé wá jẹun, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi.

Ilé Àáfà Bùnyàmín ni mo wọ̀ sí. Ìyàwó wọn, Ìyá Rábì, ló ní kí wọ́n gbà mí nígbà tí n kò mọ ẹnì kankan níbí. Láìpẹ́ yìí Ìyá Rábì bímọ, wọ́n ní ọbẹ̀ awó, ẹyẹ igbó tó jọ adìẹ, tó ní àmì tótòtó lára yẹn, ló ń wu àwọn. Ẹ mọ ẹnu mi. Mo fò dìde, mo ní kó tó di ọjọ́ ìkómọ, awó á kún agboolé yìí débi pé adìẹ ò ní ríbi dúró sí. Làmídì, àgbà nínú àwọn ọmọ kéwú, bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ṣé ẹnu ni mo fẹ́ fi yìnbọn ni. Àáfà ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbára lé, èèyàn ò lè fi í ṣọ́ ilé. Bí ìkómọ bá kọjá tí awó ò dé, kí n wá ibòmíràn wọ̀ sí.

Mo dẹ ebìtì bí Bàbá ṣe kọ́ mi, nínú oko ọkà bàbà kan lọ́nà Kuta, níbi tí awó ti ń ṣa ọkà tó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, igi ti wó lu ọ̀kan. Ìyá mi, awó náà tó ewúrẹ́! Mo gbé e kọ́ èjìká, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba àárín ọjà. Àáfà yẹ ọrùn rẹ̀ wò, wọ́n béèrè ẹni tó dúńbú rẹ̀. Mo ní igi ebìtì ni. Wọ́n rọra fi ọ̀pá tì í padà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní òkúǹbete ni. Ẹran tí ọ̀bẹ ò bá láàyè, tí wọn ò ṣe bísímílà sí, kì í wọ ìkòkò ilé àwọn. Làmídì ní kí n bẹ awó náà bóyá á jí.

Àwọn alẹ́rù ẹgbẹ́ mi ló jẹ ẹ́. Wọ́n pè mí ní ọdẹ ńlá, kò sì dùn mọ́ mi rárá. Ọjọ́ kejì ni ìkómọ. Ìyá Rábì wá rán Rábì ọmọ wọn sí mi pẹ̀lú òwú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ran. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí wọ́n lé mi lọ.

Mo lọ́ òwú náà pọ̀, mo so ó lójóbó, mo tẹ́ ẹ sí ojú ipa tí awó máa ń gbà. Kí oòrùn tó yọ, mo ti nà gbalaja sẹ́yìn ebè, mi ò wúkọ́, mi ò họra. Wọ́n dé, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ kéwú. Èyí tó ṣáájú ré ojóbó kọjá. Èyí tó tẹ̀lé e dúró, ó fẹsẹ̀ tan ilẹ̀, òwú sì mú un! Àwọn yòókù fò lọ, ariwo wọn bí rélùwéè mẹ́wàá. Mo dà bò ó. Ó fi ìyẹ́ gbá mi létí, ó ha mí láyà, ó yàgbẹ́ sí mi láṣọ. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé jọ̀ọ́, má kú kó o tó rí Àáfà. Bàbá mi, ẹ rí ọmọ ọdẹ tó ń bẹ ẹran kó má kú! Mo gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun, n kò gba ọjà mọ́, mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé.

Àáfà fúnra wọn ló ṣe bísímílà tí wọ́n dú u. Wọ́n wá bi mí lójú gbogbo àlejò pé mélòó ni mo mú. Ogún ti wà lẹ́nu mi. Làmídì náà ti ń pa ẹnu mọ́ra kó má baà rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀kan ṣoṣo ni, òwú Ìyá Rábì ló sì mú un. Àáfà wò mí títí. Wọ́n ní kí n lọ tẹ́ ẹní fáwọn àlejò wa.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Rábì ń pe àwọn ọmọ wọlé wá jẹun. Wọ́n pe Rábì, wọ́n pe Làmídì, wọ́n wá pe Àdìgún. Mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé Àdìgún mìíràn wà níbẹ̀ ni.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kí ìbọn Bàbá má tàsé, kí ọyẹ́ fẹ́ lọ ní àlàáfíà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ gùn, tí inú rẹ̀ mọ́,

Àdìgún, ọmọ yín.