Èédú Tó Ti Ẹ̀bá Ibojì Yín Wá

Màámi,

Bọ́láńlé, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí, ẹ kúkú mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi oyin sí i. Ojú ń tì mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Èédú ni mo ń tà ní Dei-Dei, nítòsí olú ìlú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, oko ọkà bàbà ló wà níwájú ìsọ̀ mi. Ilé ló wà níbẹ̀ báyìí, gbogbo ẹni tó sì ń kó wọlé ló fẹ́ dáná. Gáàsì wọ́n, ni wọ́n bá padà sórí èédú, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti Gwarinpa gbé mọ́tò wá. Èédú igi òrí ni wọ́n ń béèrè, torí kì í tètè jó tán. Èmi ni mo ń sọ fún awakọ̀ pé bí kì í bá ṣe ti òrí, kó má já a síwájú mi.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin máa ń yí ọkọ́ yípo ìdí igi òrí tí ẹ bá ń kọ ebè. Gbogbo igi oko lẹ lè gé, àfi òun. Ẹ máa ń ṣa èso rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ewúrẹ́, ẹ ó sì máa bú wọn bí ẹ ṣe ń fi í sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ já ẹrù, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Eléèédú, ẹ kú oríire! Ọ̀nà Ṣakí la ti rí ojúlówó yìí. Ibojì búlúù kan wà níbẹ̀, orí ẹ̀ la jókòó sí jẹun.”

Èmi ni mo ní kí wọ́n kun ibojì yín ní búlúù.

“Ta ló tà á fún yín?”

“Bàbá kan tó ń tiro. Kai, ó le o!”

Láyí ni, àbíkẹ́yìn yín. Ẹ sì mọ ohun tí mo ṣe? Mo tà á. Kò ku àpò kan.

Wọ́n sun igi náà lọ́hùn-ún kó tó di èédú, àwọn oníbàárà mi tún ń sun ún níbí, tírélà sì ń tú èéfín dúdú láàárín méjèèjì. Èmi náà ń bá wọn ráhùn pé ooru pọ̀. Ṣé oòrùn ń pa yín, báyìí tí igi ò sí lórí yín mọ́?

Láyí ti pè. Ó fẹ́ gé igi òrí tó kù létí odò. Ó ta ti ẹ̀bá ibojì láìbi mí, àmọ́ èmi àkọ́bí ni, lọ́tẹ̀ yìí ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Ìsọ̀ yẹn ló sì ń rán Bọ́láńlé nílé ìwé. Ó ti dá bírò dúró.

“Màmá, ṣé ẹ ò wá ní ta èédú mọ́ ni?”

“Kọ ohun tí mo sọ.”

Mo kọ̀, Màámi. Wọn ò ní gé e. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe Láyí nìkan.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín pẹ̀lú ẹnu líle yìí.

Bọ́láńlé, má tíì dìde. Pe Láyí kó tó gba àsansílẹ̀, ní kó má fọwọ́ kan igi etí odò. Lẹ́yìn náà, pe awakọ̀, ní kó má kó èédú wá fún mi mọ́. Tó bá kan bàbá rẹ, gbé fóònù fún mi. Èmi ni mo máa sọ ọ̀rọ̀ ilé ìwé rẹ fún un.