Lọ́wọ́ Ta Ni Bọ́ọ̀lù Wà?

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ọjà, Ìkòsí,
Kétu, Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Àpínkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ti ń rìn àbí wọ́n ṣì ń rá nílẹ̀? Ṣé orúnkún Màmá ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Mo mọ̀ pé Ìsẹ́yìn á ti tù ọ́ lára, ìwọ tí ariwo Mile 12 kì í jẹ́ kó o sùn. Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn nílé wa. Òjò ṣì ń rọ̀, omi ṣì ń dúró sẹ́nu géètì wa, bó o ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà.

Ọ̀rọ̀ Ṣàràfá àbúrò mi ni mo ní láti sọ fún ọ. O rántí pé nítorí títóbi rẹ̀ ni yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ṣe ní kó wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa bá àwọn gbá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa o. Tiwọn ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, gbogbo wọn ló sì dé akoto. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Ṣàràfá ń ṣe: ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù nínú àwọn ọ̀tá wọn, kó gbé e ṣánlẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á pariwo orúkọ rẹ̀ lórí pápá, Mọ́mì á gba fóònù mi, wọ́n á máa wo fídíò rẹ̀ títí bátìrì á fi kú.

Mọ́mì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹgbẹ́ àsàlátù wọn. O mọ Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń ta àlùbọ́sà ni wọ́n ṣe ń gbàdúrà, wọn kì í ṣe é ní wẹ́wẹ́. Láràárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn àdúrà ọjà àti ti àwọn aláìsàn, wọ́n á ní kí àwọn obìnrin yòókù bá àwọn ṣe àmín: "Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù níbi tí Ṣàràfá bá wà, kó ṣubú!" Àmín á dún dé títì.

Oṣù tó kọjá ni kóòṣì yí iṣẹ́ ọmọ náà padà. Àwọn kan ti fara pa nínú àwọn tó ń dáàbò bo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, wọ́n sì nílò ẹni tó fẹ̀. Ní báyìí, Ṣàràfá kì í gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀ mọ́. Iwájú ọmọ kan tó ń jẹ́ Jeffrey ló ń dúró sí. Jeffrey yìí ló máa ń di bọ́ọ̀lù mú, tó máa ń wá ẹni tó máa jù ú sí, iṣẹ́ Ṣàràfá sì ni kí ọ̀tá má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ó pè mí, inú ẹ̀ ò dùn rárá. Ó ní, "Sister mi, nobody dey call our name o. Àfi tá a bá ṣe mistake." Mo ní kó ní sùúrù, ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Ó ní wọn ò tiẹ̀ gbé ẹrù kankan fún òun, wọ́n ní kóun máa ṣọ́ ẹlẹ́rù ni.

Mo sọ fún Mọ́mì pé wọ́n ti yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Wọ́n ní kò burú, kó ṣáà máa jẹun. Kò sẹ́ni tó rántí àdúrà Sọ́ńdè tí wọ́n ṣì ń gbà.

Sátidé àkọ́kọ́ tó dúró síbẹ̀, ọ̀tá kan gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó gbé Jeffrey ṣánlẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà yẹ̀, ó di ọsibítù. Ṣàràfá ń sunkún lórí fóònù, ó ní kóòṣì ò tíì mọ̀ bóyá á ṣì fi òun sílẹ̀ níbẹ̀. Mo lọ ròyìn fún Mọ́mì ní ìsọ̀, wọ́n ń ṣa àlùbọ́sà lọ́wọ́. Wọ́n gbé àlùbọ́sà ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Sẹ̀kínát, lọ́wọ́ ta ni bọ́ọ̀lù wà?"

"Ọwọ́ Jeffrey ni, Mọ́mì."

"Níbo ni Ṣàràfá wà?"

"Iwájú ẹ̀ náà ló wà."

Wọ́n jókòó wọ̀ọ̀ sórí àpò. "Yéè! Èmi ni mo gbé ọmọ ọlọ́mọ ṣubú."

Mo ní àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn a máa ṣubú láìsí àdúrà ẹnikẹ́ni. Wọn ò gbọ́. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà, àánú wọn sì ṣe mí. Ààfáà wọn ní àdúrà tó ti lọ ti lọ, àfi kí wọ́n rán òmíràn tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí èyí má baà tún ṣìnà, kí wọ́n wá orúkọ ọmọ náà, àti ti ìyá tó bí i.

Ojú ti Ṣàràfá láti béèrè, síbẹ̀ ó lọ. Ó bá ìyá Jeffrey lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní màmá òun fẹ́ gbàdúrà fún ọmọ wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ orúkọ wọn fún òun. Obìnrin náà ní Dorothy ni. Ó ní kí Ṣàràfá náà sọ orúkọ màmá tirẹ̀, torí látọjọ́ tó ti ń dúró síwájú ọmọ òun lòun ti ń gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò kàn mọ ọmọ ẹni tóun máa pè é ni. Ṣàràfá ní ọmọ Màríyámọ̀ ni.

Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí fún Mọ́mì, omi bọ́ lójú wọn, kì í sì í ṣe ti àlùbọ́sà. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àdúrà yí padà: "Jeffrey ọmọ Dorothy, kó má ṣubú mọ́. Ṣàràfá ọmọ Màríyámọ̀, kó dúró gbọn-in níwájú ẹ̀." Jẹ́fúrì ni ọ̀pọ̀ wọn ń pè é, àmín sì dún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èmi ò sọ pé àdúrà ló ṣe é, n ò sì sọ pé òun kọ́. Jeffrey ti ń rìn. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò padà sórí pápá, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún kóòṣì pé Ṣàràfá lòun fẹ́ níwájú òun.

Bá mi kí baálé rẹ, kí o kí Màmá, kí o sì bá mi gbé àwọn ìbejì jó. Mọ́mì ń kí ọ gan-an, àlùbọ́sà rẹ ń bọ̀ lọ́wọ́ onímọ́tò tó mú lẹ́tà yìí wá. Wọ́n ní bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ bá àwọn fi Jeffrey ọmọ Dorothy sínú àdúrà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, Àpínkẹ́, ẹ má dárúkọ bọ́ọ̀lù.

Èmi ni tìrẹ bí ti àtijọ́,
Sẹ̀kínát.