Ìdí Tí Mo Fi Bá Àwọn Ọkùnrin Méjì Náà Sọ̀rọ̀ ní Kóòtù

Duncanville, Dallas,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, 2025.

Fúnlọ́lá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ìníolúwa kékeré tó ń hu eyín. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà ní Allen níbẹ̀, kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì má sì gba gbogbo okun inú rẹ tán. Ní tèmi, ara le bí irin. Ọkàn ni kò jókòó sójú kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá o bi mí lórí fóònù pé, "Daddy, kí ló dé tẹ́ ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀?" Mo fi ìbínú pa fóònù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rìn káàkiri ilé, ìyá rẹ ní mo fẹ́ẹ́ lu kápẹ́ẹ̀tì jálẹ̀. Mo wá jókòó láti dá ọ lóhùn lórí bébà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, síbẹ̀ èmi ni mo kọ́ ọ ní Bíbélì Yorùbá, débi pé kò sí ọmọ kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó lè kà á bíi tìrẹ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbígbé páálí nílé ìkẹ́rùsí ní Lancaster, tó wá ní tírélà méje lónìí, kì í sá fún ìbéèrè.

Nígbà tí kóòtù kọ̀wé pé kí n wá ṣe júrì, kí èmi àti àwọn ará ìlú mìíràn jọ dá ẹjọ́ kan, o ní kí n sọ pé ara mi kò yá. Mo kọ̀. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti di ọmọ ilẹ̀ yìí. Ta ló mọ ẹjọ́ dá bíi tèmi? Nígbà tí lọ́yà bi wá pé ṣé a lè gbọ́ tọ̀tún gbọ́ tòsì, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní, "Madam, mo ti ń dájọ́ òdodo kí wọ́n tó bí yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú mi mọ́ àwọn mẹ́fà.

Àgbàlagbà méjì ló ń jà, Ọ̀gbẹ́ni Dwight àti Ọ̀gbẹ́ni Leroy. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lásìkò ìbò, Dwight ri pátákó ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ mọ́ iwájú ilé. Leroy ní ó ti wọ orí ilẹ̀ òun, ó fà á tu. Dwight tì í, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Bí a bá dá Dwight lẹ́bi, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ìyá rẹ pàápàá. Ẹgbẹ́ Dwight ni ẹgbẹ́ tí mo ń dìbò fún. Kí Leroy tó la ẹnu ni mo ti dá a lẹ́bi. Tẹlifíṣọ̀n mi ti sọ fún mi láràárọ̀ pé àwọn tó ń ta ko ẹgbẹ́ wa kò fẹ́ ire fún ìlú. Ìgbà tí ọkùnrin náà wá rojọ́, kò tilẹ̀ dárúkọ òṣèlú. Ó ní Dwight tí àwọn jọ máa ń dáná sun ẹran lẹ́yìnkùlé kò kí òun mọ́ láti ìgbà tí ìbò ti súnmọ́. Ó ní bí òun bá ti rí pátákó yẹn, ó máa ń dà bíi pé wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ òun. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: àìmọye ènìyàn ni mo ti fi òwe yìí bá wí!

Nígbà tí wọ́n ní ká lọ jẹun, mo rí àwọn méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Adájọ́ ti kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ bá wọn sọ ohunkóhun. Mo gbọ́, n kò dití. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í rí ìjà kó yà á sílẹ̀. Mo fa Leroy lọ́wọ́ tí kò kán, mo mú un lọ bá Dwight. Mo ní, "Ẹ ti dàgbà ju èyí lọ. Tẹlifíṣọ̀n kò ní wá sìnkú yín. Dwight, bẹ ọ̀rẹ́ ẹ!" Dwight ní, "Ta ni bàbá yìí gan-an?" Leroy bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó fọhùn, ọlọ́pàá kóòtù ti dì mí lápá.

Adájọ́ náà, ọmọbìnrin tí kò jù ọ́ lọ, bá mi wí bí ọmọ iléèwé. Wọ́n yọ mí, wọ́n tú júrì ká, oṣù Kejìlá ni wọn yóò tún ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Dwight ní, "Oṣù méjì sí i! Mo sọ fún ìyàwó mi pé yóò parí lónìí." Ohùn yẹn kò kúrò létí mi.

Báyìí, mo ń wo tẹlifíṣọ̀n mi láàárọ̀, mo ń wo èyí tí ìwọ àti ọkọ rẹ máa ń wò nírọ̀lẹ́. Ọjà kan náà ni wọ́n ń tà: ìbínú. Kò sí èyí tó ń pe ẹnìkejì kó wá rojọ́. N kò ní bú Amẹ́ríkà o, ilẹ̀ yìí fún mi láyè. Ṣùgbọ́n òdodo tí mo ń pariwo pé ó yẹ kí ìjọba ṣe, èmi alára fẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí àga júrì.

Ìdáhùn mi rèé, Fúnlọ́lá. Ojú ló tì mí. Mo rò pé bí mo bá parí ìjà náà, n kò ní dìbò lórí ẹjọ́ tí mo ti dá tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Mo ti béèrè: ẹnikẹ́ni lè jókòó lẹ́yìn ní kóòtù bí kò bá ti sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá, màá lọ jókòó níbẹ̀, ẹnu mi á wà ní dídì, màá sì gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì tán.

Kí Olúwa má jẹ́ kí o bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ tó ti dá ẹjọ́ rẹ nílé. Kí ọmọ rẹ ju ìwọ lọ, bí ìwọ náà ti jù mí lọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ,
Abísóyè.

Àfikún: Pásítọ̀ ní kí n wá bá Olúyọmí àti ìyàwó rẹ̀ parí ìjà lọ́jọ́ Ìsinmi. Olúyọmí ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láti ro tirẹ̀. N kò gbé e, àfi tí ìyàwó rẹ̀ bá wà níbẹ̀.