Òpó Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ àti Àtẹ́lẹsẹ̀ Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Màmá àti Wòlíì ìjọ wa. Moṣọpẹ́, ọmọ-ọmọ yín, ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́.

Iṣẹ́ bíríkìlà tí ẹ kọ́ mi gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ṣọ́ọ̀ṣì tó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí àwa Aládùúrà ti ń ṣe, ni ọ̀gá mi òyìnbó bá bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló mọ̀ pé ilẹ̀ ìdí òpó kan tutù rinrin. A hú òkúta ibẹ̀: omi ti ń jẹ ìpìlẹ̀ òpó tó gbé òkúta tó tẹ̀ bí òṣùmàrè ró lókè!

Ọ̀gá ní ta ló kọ́ mi níṣẹ́. Bàbá, mo fi yín yangàn!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ṣeré. Olúwa á dá yín sí fún wa.

Ọ̀gá náà ti ń bọ́ bàtà báyìí.

Ọmọ yín,
Oyèbánjí