Wá Sọ Ohun Tí O Kọ fún Adájọ́

Lesieli, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù Melbourne ò mú yín jù? Orúnkún bàbá rẹ ti ń san díẹ̀díẹ̀. Kókò tí a gbìn sẹ́yìnkùlé náà ta dáadáa.

Lesieli, wọ́n ti mú Semisi, ọmọ Pisila ọmọbìnrin mi, lọ. Àìsàn àyà ló gbé e dé ọsibítù, ni obìnrin ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé bá wá wo ilé wa. Ó ní a pọ̀ jù nínú yàrá mẹ́ta, pé ìwádìí Dókítà Vaipuna, ìwọ gan-an, ti fi hàn pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ń pa ọmọ lára.

Mo ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn! Inú ilé yìí gan-an ló ti dàgbà!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, kò sí ẹni tí kì í tọ́ka sí ìwé rẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Tí a bá ṣì í kà, ẹ ní kó wá sọ."

Ṣebí ìwọ lo sọ fún wa pé ohun tí o kọ ni pé kí ìjọba tún ilé tí ògiri rẹ̀ ń rin fún omi ṣe, kí wọ́n sì fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹbí? Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n mú.

Pisila ò jẹun mọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa wà níwájú adájọ́. Má fi ìwé ránṣẹ́, ìwé rẹ ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wá fúnra rẹ. Èmi àbúrò bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀, o sì mọ̀ pé àwa ará Tonga kì í kọ̀ fún arábìnrin bàbá ẹni.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú òfurufú. Lánàá, Semisi bi mí lórí fóònù pé ta ló máa wá mú òun relé. Orúkọ rẹ ni mo dá fún un.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ, Ungatea